Àga Iwájú ní Gbọ̀ngàn Peckham

Kí gbọ̀ngàn wa tó wà, òkè ilé ọtí ni wọ́n ti ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ní Peckham. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé mo wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí tó ń sọ káàkiri pé àwọn ló dá àwàdà Yorùbá sílẹ̀ ní gúúsù London, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ọmọdé kì í mọ ìtàn kó má mọ àgbọ́wí. Àgbọ́wí ni tiwọn, ìtàn ló wà lọ́wọ́ tèmi.

Àwa tí a ti wà níbí tipẹ́, ibi ìkómọ àti ìgbéyàwó la ti ń gbọ́ àwàdà. Olùdarí ètò á gba máìkì, á fi àwọn àna ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, á fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, kí oúnjẹ tó délẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní aláwàdà. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, ó ń wa bọ́ọ̀sì lọ ní Walworth Road. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aláwàdà ńlá láti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàálù wá, tí wọ́n ń gba gbọ̀ngàn ńláńlá, tí àwa náà á múra dáadáa lọ wò wọ́n. Wọ́n mọṣẹ́, mi ò ní í purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Èkó ni wọ́n ń sọ. Àwa tí à ń bá kánsù fà á lórí òrùlé tó ń jò, tí à ń ti ṣífìtì òru bọ́ sí ti òwúrọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ tiwa.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Sydenham ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹnu mi kì í dákẹ́, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Nínú yàrá tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń mu tíì, èmi ni mo máa ń sín ọ̀gá wa jẹ, tí màá sín ìyá arúgbó kan tó gbà pé èmi ni mo jí eyín òun lọ, tí àwọn yòókù á máa di ikùn mú. Òyìnbó kan nínú wa ló ní kí n lọ gbìyànjú ẹ̀ ní òkè ilé ọtí kan ní Peckham, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gba máìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mi ò ní í lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ láyé mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Alhaja. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ó bá mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ọtí yẹn, ó ní òun ò wọlé. Mo ní kò sẹ́ni tó máa ki ọtí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ní àwọn ará mọ́ṣáláṣí òun ń gba ibẹ̀ kọjá, ṣé òun á wá dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láti ṣàlàyé ni. Ó lọ dúró sí ibùdókọ̀ tó wà lódìkejì, nínú òtútù, ó ń wo fèrèsé. Nígbà tí mo jáde, a wọ bọ́ọ̀sì, a gun òkè ẹ̀, mo sì tún gbogbo ẹ̀ sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Kí a tó dé Walworth, gbogbo Yorùbá tó wà lókè bọ́ọ̀sì ti yíjú sí wa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tiẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Alhaja ní, "Àwọn èèyàn ẹ ò sí nínú ilé ọtí yẹn. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Òótọ́ ni. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn, àwọn ló ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń jí lọ sí àsùbáà, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun lọ́jọ́ Ìsinmi, wọn ò lè wọ ilé ọtí láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. A nílò ibi tí kò sí ọtí, kó sì jẹ́ ọ̀sán.

Ìjọ aláṣọ funfun tí mò ń lọ ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Rye Lane, ọ̀tọ̀ ni, ọ̀tọ̀ ni ilé àdúrà. Bàbá kan ló ń bójú tó o, òun nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ń dá gbé ní Sydenham, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Bàbá Gbọ̀ngàn là ń pè é, ó sì máa ń jẹ́ ẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ó ní, "Ṣé ọtí máa wà níbẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Èébú ńkọ́?"

"Rárá, sà."

"Gbogbo yín á bọ́ bàtà?"

"A ó bọ́ ọ, sà."

Ó ní, "Ẹ̀rín ò lòdì sí òfin ìjọ. Mo ti wò ó." Bó ṣe gbà nìyẹn, kò sì gbowó gọbọi lọ́wọ́ mi.

Bí àwàdà ṣe bọ́ sí ọ̀sán Sátidé ní Peckham nìyẹn. Mo rò pé àwọn Mùsùlùmí ò ní í fẹ́ wọ gbọ̀ngàn Aládùúrà, àfi ìgbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rí òkìtì bàtà, ara wọn bá balẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ni kò mọ̀ nínú kó bọ́ bàtà lọ́jọ́ kejì? Lẹ́yìn ìrun Àílà, ìrun ọ̀sán, la máa ń bẹ̀rẹ̀, kí Àlàásárì tó dé a ti parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ààyè wà, aláwàdà á máa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Àmọ́ tó bá di ìgbà òtútù tí ọjọ́ kúrú, tí ìrun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ara wọn lẹ́yìn, ẹ ó rí aláwàdà tó ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn kan sọ pé ibẹ̀ la ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tó gùn ní ṣókí. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa kí a ṣe, a kàn ń ṣe é ni. Àga iwájú, àwọn àgbà la fi fún. Tí bàbá kan bá wọlé tó fẹ́ jókòó sẹ́yìn, màá sáré lọ fà á lọ́wọ́, màá gbé e wá síwájú, torí pé ibi tí a ti kọ́ mi nílé, wọn kì í fi àgbà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, ní òkè ilé ọtí àwọn òyìnbó, ẹni tó bá jókòó síwájú ti fi ara ẹ̀ lélẹ̀ fún yẹ̀yẹ́. Òun ni aláwàdà máa bi pé kí lorúkọ ẹ, kí ló dé tí o wọ irú ẹ̀wù yìí, ṣé ìyàwó ẹ nìyí àbí ìyá ẹ. Gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àga iwájú wọn fi máa ń ṣófo. Tiwa, fọ́fọ́ ló máa ń kún, fìlà àti gèlè ló máa ń wà níbẹ̀. Kò sì dá wàhálà sílẹ̀, torí pé àwa aláwàdà ìgbà yẹn mọ ara wa. Ara wa la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ọ̀rọ̀ bá máa kan àgbà, a ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Àfi ìgbà tí mo pe ọmọ Alhaja.

Àbíkẹ́yìn ẹ̀ obìnrin ni. Peckham ni wọ́n bí i sí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kánsù, tó bá sì ṣíwọ́, ó ń lọ ṣàwàdà láàrin àwọn òyìnbó, òkìkí ẹ̀ sì ti ń kàn. Yorùbá ẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ bí òyìnbó tó kọ́ ọ ní yunifásítì ló ṣe ń dún. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an ni. Ó ní làákàyè, kì í bẹ̀rù, mo sì ti ń wò ó pé lọ́jọ́ tí ohùn mi bá ṣá, òun ni màá gbé ètò yìí fún.

Ó gun pèpéle lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wọ ṣòkòtò jíǹsì àti ìbòrí, ó kí gbogbo èèyàn, wọ́n sì fẹ́ràn ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìyá ẹ̀. Alhaja tó wà níjókòó kejì sí iwájú ń sọ pé "Irọ́ ni o, irọ́ ni," ẹ̀rín sì ń pa wá. Ọmọ náà bá wo iwájú, ojú ẹ̀ bọ́ sára Bàbá Gbọ̀ngàn, tó jókòó sí àárín gbùngbùn níbi tí mo fi í sí.

Ó ní, "Daddy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tí ẹ dé London?"

Bàbá dìde dúró. Ó tún fìlà ẹ̀ ṣe. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó la ẹnu.

Ọmọ náà ní, "Don't worry, Daddy. Gbogbo wa la mọ̀. Sikiọ́rítì!"

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Kí ló fà á tí wọn ò fi ní í rẹ́rìn-ín? Ìdajì àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Ọmọ náà ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ẹ̀rín tó lọ sílẹ̀. Bàbá dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ló jókòó. Mo wo ojú ẹ̀, inú mi sì bà jẹ́, torí pé kò rẹ́rìn-ín, kò sì fa ojú ro. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ ni.

Nígbà tí a tún gbọ̀ngàn ṣe tán, mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, sà. Ó tilẹ̀kùn, ó lọ. Nígbà tó yá lọ́sẹ̀ náà, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbọ̀ngàn ò ní í ṣeé lò lọ́jọ́ Sátidé mọ́, títí tí ẹ ó fi gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ ṣeun." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún gbọ́ ọ. Kò sí ìbínú nínú ohùn yẹn, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá lọ, ètò wa lọ nìyẹn. Mo wá ibòmíràn kiri. Ibi tí kò sí ọtí, apá wa ò ká a. Ibi tí apá wa ká, ọtí ló kún ibẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ti East Street bọ̀ lẹ́yìn ọjà, àwọn tí kì í rí ibòmíràn rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀, wọ́n ń pè mí: "Sátidé ńkọ́?" Inú bí mi gan-an ni. Mo pe ọmọ náà, mo sì da ọ̀rọ̀ bò ó.

Ó ní, "Àǹtí, crowd work ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá jókòó síwájú, ó mọ̀ pé wọ́n máa bá òun sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ta ló mọ̀? Ṣé òun ló yan àga ni? Èmi ni mo gbé e síbẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún un, o wá ń fi í ṣeré."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Àǹtí."

Alhaja ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ojú ń tì í púpọ̀. Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, kíkó èèpo ẹ̀ ló kù, ká lọ bẹ Bàbá. Mo ní ṣé orí fóònù. Ó wò mí bíi pé mo ti ya wèrè. Wọn kì í bẹ àgbà lórí fóònù. Ilé ẹ̀ la máa lọ, àwa mẹ́ta, lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ náà á sì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Sydenham, a ń kọ́ ọ. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ fi orí jì mí. Mi ò ní í ṣe irú ẹ̀ mọ́." Ó ń wí i tẹ̀lé wa. Ọmọ tó ń dúró níwájú ọgọ́rọ̀ òyìnbó láìmikàn, bàbá kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà á báyìí. Ìyá ẹ̀ ti fún un ní aṣọ gígùn wọ̀. Ó ń fi ìka fa ìṣẹ́tí aṣọ náà ṣáá.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà ńlá ibẹ̀ ni Bàbá ń gbé. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí wa, ó ní kí a wọlé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, Alhaja kúnlẹ̀ tì í, èmi náà kúnlẹ̀, ọjọ́ tí orúnkún ń dùn mí ni. Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní ọmọdé ni, òkè òkun ni wọ́n bí i sí, kí Bàbá fojú ọmọ wò ó. Ó ní òun ò tọ́ ọ pé kó máa fi iṣẹ́ àgbàlagbà ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń bí mi nínú? Sikiọ́rítì ni mo ṣe. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun ni mo fi kọ́lé sílé. Ọmọ yìí ò purọ́ mọ́ mi."

Mo ní, "Kí ló wá dé, sà?"

"Ó bi mí ní ìbéèrè," ó ní. "Mo dìde. Mo tún fìlà mi ṣe. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ó ti wà lẹ́nu mi báyìí. Ọmọ yìí bá mi dáhùn. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún. Ẹnu ta ló ti wá gbọ́ tèmi?"

Ó jókòó, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń bi mí pé níbo ni mílíìkì wà, níbo ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà, aago mélòó lẹ ń tì. Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé Bàbá, báwo ni iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Àwọn ọmọ tí mo bí ò bi mí. Ọmọ yìí lẹni àkọ́kọ́, lójú gbogbo ayé. Inú mi ti dùn. Inú mi ti dùn gan-an kó tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi."

Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi, ojú sì ń tì mí fún gbogbo wa. Èmi tí mò ń sọ káàkiri pé mo dá ètò sílẹ̀ kí àwọn èèyàn wa lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn, mo gbé bàbá sí àga iwájú lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí a kọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì ti fò lọ. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ sọ, sà?"

Bàbá ní kó dìde. Ó ní, "Mi ò ní í sọ ọ́ níbí. Ojú èèyàn lo ti bi mí, ojú èèyàn ni màá ti dáhùn." Ó yíjú sí mi. "Sátidé tó ń bọ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n tètè dé. Mi ò sì fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ìrun ti tó."

Ẹ ó rò pé inú mi dùn bí a ṣe ń padà bọ̀. Ó dùn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde nínú bọ́ọ̀sì. "Àǹtí, tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín ńkọ́?" Ó mọ ohun tó ń sọ. Mo ti rí àwọn tó gbóná tí wọ́n gun pèpéle, tí gbogbo ilé kàn ń wò wọ́n, tí wọn ò sì padà wá mọ́ láé. Tí Bàbá bá dìde lẹ́ẹ̀kejì, tó tún jókòó lọ́nà yẹn, èmi fúnra mi ò ní í lè wọ gbọ̀ngàn náà mọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Òun àti ìyá ẹ̀ sì dáhùn àmín.

Lónìí, láti Peckham dé Walworth, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣàwàdà Yorùbá, ẹ ó rí i pé aláwàdà máa bi àgbà iwájú léèrè, á gbé máìkì fún un, á sì pa ẹnu mọ́. Èsì là ń pè é. Àwọn kan ń wá torí ẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ ìwòyí rò pé Èkó ni wọ́n ti kó o wá. Rárá o. Ọjọ́ Sátidé yẹn ló bẹ̀rẹ̀, èyí sì ni bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àga ò tó. Àwọn èèyàn dúró mọ́ ògiri. Bàbá wọ agbádá aláwọ̀ eérú, ó jókòó sí àárín iwájú. Ọmọ náà gun pèpéle, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ná, kò sì dá àpárá kankan. Ó ní, "Daddy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe nígbà tí ẹ dé London?" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé máìkì fún un, ó sì fi eyín di ètè mú.

Bàbá dìde. Ó gbé máìkì sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ pe ọ̀gá ẹ̀ lórí rédíò iṣẹ́.

"Sikiọ́rítì," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Surrey Quays. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi mí sí, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àwọn olè. Olè ò pọ̀. Yorùbá ló pọ̀." Ẹ̀rín bẹ́. "Wọ́n á ti máa bọ̀ lókèèrè, wọ́n á máa pariwo sórí fóònù. 'Sọ fún un pé mo wà níbi iṣẹ́. Sọ fún un pé mi ò tíì gbowó oṣù.' Tí wọ́n bá ti rí mi báyìí, kíá, wọ́n á di òyìnbó." Ó na ọrùn, ó fi imú sọ̀rọ̀. "'Hello. Good afternoon.' Ẹ wo ojú mi." Ó fi ìka tọ ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. "Ṣé ẹni tó kọ irú èyí lẹ̀ ń bá sọ òyìnbó? Ẹ̀rù ló ń bà yín pé tí ẹ bá kí mi, màá ní ará ibo ni yín, màá ní mo mọ bàbá yín. Mo sì mọ bàbá àwọn kan nínú yín lóòótọ́. Àwọn náà ò sàn jù yín lọ."

Wọ́n ń lu àga. Ọkùnrin kan lẹ́bàá ògiri ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rí ọmọ Alhaja, ó di ẹnu mú, ejìká ẹ̀ ń mì. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èèyàn á dúró látàárọ̀. Á máa gbọ́ èdè ìyá ẹ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè. Tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, èdè náà á dá. Tó bá kọjá tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní London nìyẹn."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwọn tó ń lu àga ti gbé ọwọ́ sórí itan.

Ó yíjú díẹ̀ sẹ́yìn. "Alhaja, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ò lè dá mi mọ̀, torí pé ẹ ò wo ojú mi. Ìrẹsì lẹ̀ ń wá. Òyìnbó lẹ fi bi mí."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ṣílẹ̀kùn fún yín."

Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Alhaja bá dìde lórí àga ẹ̀. Ó rìn wá síwájú, láìwọ bàtà, ó tún ìborùn ẹ̀ ṣe, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá lójú gbogbo wa.

Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ìrẹsì wà?"

Bàbá gbé máìkì padà sẹ́nu. Ojú ẹ̀ ń dán.

"Ẹ gba ọ̀nà kẹta, Alhaja," ó ní. "Ọwọ́ ọ̀tún yín, nísàlẹ̀."